Kí ló sọ "presently" di "tó bá yá"?

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsinmi (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè. Ìbéèrè kan dìde nínú kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, n kò sì fẹ́ fún wọn ní ìdáhùn oréfèé. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Bíbélì Yorùbá àti Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí King James, ni a máa ń kà pọ̀. Nígbà tí a dé orí ìtàn igi ọ̀pọ̀tọ́ tí Jésù bá wí nínú Mátíù orí 21, a rí i pé ohun tí ẹsẹ 19 sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "And presently the fig tree withered away", bẹ́ẹ̀ ti Yorùbá sì sọ pé lójúkan náà ni igi náà gbẹ. Ọmọbìnrin kan ní "presently" tí òun mọ̀ kò ju "nísinsìnyí" lọ, irú èyí tí a ń kọ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé "I am presently a student". Ọmọkùnrin kan tó gbé Ìlú Ọba kó tó wálé takú pé rárá o, "láìpẹ́" ni, àti pé bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ pé dókítà yóò rí i "presently", kó yáa wá àga jókòó sí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan ṣoṣo ṣe di ìtumọ̀ mẹ́ta mọ́ wa lọ́wọ́: lójú ẹsẹ̀, nísinsìnyí, àti tó bá yá.

A ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí a fi bá òmíràn pàdé nínú Máàkù orí 6, ẹsẹ 25. Ọmọbìnrin Hẹrọ́díà sáré wọlé tọ ọba lọ, ó ní kí ó fún òun ní orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú àwopọ̀kọ́ "by and by". Ẹni tó fi ìkánjú wọlé bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè máa sọ pé kí wọ́n ṣe é tó bá yá? Ṣé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló ṣe àṣìṣe ni, àbí ọ̀rọ̀ náà ló kúrò ní àyè rẹ̀? Bó bá sì kúrò, ìgbà wo ló kúrò, kí ló sì lé e?

Ògbufọ̀ (Lọ́ńdọ̀n)

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́. Àwọn tó túmọ̀ kò ṣàṣìṣe rárá. Ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn ọmọ yín dárúkọ ni "presently" ti ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀, èyí tó sì wà nínú ẹsẹ tí ẹ kà ni a ti pa tì jù lọ lónìí.

Ara "present" ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọwọ́ Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba "present", Faransé náà gbà á láti inú èdè Látìn, ohun tó sì dúró fún ni ohun tó wà níwájú ẹni tàbí àkókò tí a wà nínú rẹ̀. Nígbà tí "presently" kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ní apá ìparí ọ̀rúndún 14, kò jìnnà sí "nísinsìnyí" tí ọmọbìnrin yẹn sọ. Ní ọ̀rúndún 15, ó ti le sí i. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe nǹkan "presently", kò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn kó tó ṣe é. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 16 ni ìtumọ̀ "láìpẹ́" ti ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn kan náà fún ìgbà pípẹ́, títí èyí tó rọ̀ fi gba ilé mọ́ èyí tó le lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rúndún 17 fi máa parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé "presently" lè túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀ ní ayé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yẹn, ẹ jẹ́ kó wo The Tempest, eré orí ìtàgé tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1611 kan náà. Prospero rán Ariel, ẹ̀mí tó ń ṣiṣẹ́ fún un, pé kó lọ kó àwọn ẹ̀mí yòókù wá. Ariel bi í pé "Presently?", ọ̀gá rẹ̀ sì dá a lóhùn pé "Ay, with a twink". Kí ojú tó ṣẹ́ ni ó ń sọ. Ìbéèrè àti ìdáhùn náà kò ní ìtumọ̀ kankan bí "presently" bá jẹ́ "tó bá yá".

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ẹ ka ẹsẹ 20 mọ́ ẹsẹ 19. Ẹnu ya àwọn ọmọ-ẹ̀yìn, wọ́n sì wí pé "How soon is the fig tree withered away!" "Presently" ló wà ní ẹsẹ kìíní, "soon" ló wà ní èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, "parachrema", ló wà nídìí méjèèjì, "lójúkan náà" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn atúmọ̀ náà kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó má baà di àwítúnwí létí òǹkàwé ni, nítorí pé lójú tiwọn, ohun kan náà ni "presently" àti "how soon" ń sọ níbẹ̀. Lónìí, àwọn méjèèjì ti sún jìnnà sí kíákíá tí ìtàn náà dá lé.

Ẹ kíyè sí ewu tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ Bíbélì. Nínú Máàkù orí 11, ẹsẹ 20, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó rí i pé igi náà ti gbẹ láti gbòǹgbò. Ẹni tó bá fi etí òde òní ka "presently" nínú Mátíù lè rò pé Mátíù náà ń sọ pé ó gbẹ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kó sì gbà pé ìtàn méjèèjì bára mu láìsí wàhálà. Ìbáramu ẹ̀tàn ni, ìyípadà èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Lójúkan náà ni Mátíù sọ, bí olùkọ́ kan bá sì fẹ́ ṣàlàyé bí ti Máàkù ṣe bá a mu, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tó tọ́.

Ní ti "by and by", nǹkan tó ń tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún, lẹ́yìn náà ló di "lójú ẹsẹ̀", kó tó wá di "láìpẹ́". Ìtumọ̀ ti àárín ni ọmọbìnrin Hẹrọ́díà lò. William Tyndale ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1526, àwọn ti 1611 kò sì yọ ọ́. Àṣẹ tí wọ́n fún wọn ni pé kí wọ́n tẹ̀lé Bíbélì àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ọdún 1568, kí wọ́n má sì yí i padà ju bí òtítọ́ èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá ti béèrè lọ. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú King James ti dàgbà ju ọjọ́ orí ìwé náà lọ. Lẹ́nu àwọn ará ọjà Lọ́ńdọ̀n ní 1611, "by and by" ti ń rọ̀.

Nígbà tí àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tún Bíbélì náà yẹ̀ wò, tí wọ́n gbé Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní 1881, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n tún ṣe. Igi ọ̀pọ̀tọ́ gbẹ "immediately", ọmọbìnrin Hẹrọ́díà sì béèrè orí Jòhánù "forthwith". Ẹ fi àwọn ẹsẹ náà lé ara wọn fún àwọn ọmọ yín, wọn yóò fi ojú ara wọn rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Ògbufọ̀, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ka èyí. Iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ṣe, àwọn ọ̀gá tó sì tọ́ wa kì í gbà kí a fi "presently" dúró fún "nísinsìnyí" rárá. "At present" ni wọ́n ní kí a kọ. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ni wá lára. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà èdè tí wọ́n tẹ̀ ní Britain ní ọ̀rúndún 20 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ní ìtumọ̀ méjì nípa àkókò lè da iṣẹ́ rú. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ẹnì kan pé owó rẹ̀ yóò jáde "presently", ẹlòmíràn á ti lọ dúró sí báńkì.

Mo mọ̀ pé nínú ìwé ìròyìn wa àti lórí rédíò, "presently" fún "nísinsìnyí" ló pọ̀. Pípọ̀ kò sọ ọ́ di èyí tó tọ́. Ìmọ̀ràn mi fún ọmọbìnrin inú kíláàsì yẹn ni pé kó kọ "currently" tàbí "now" sínú lẹ́tà rẹ̀, kó sì fi "presently" sílẹ̀.

Ará Houston

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gba ìmọ̀ràn yín nípa lẹ́tà, àmọ́ ọ̀rọ̀ "tọ́" yẹn ni n kò lè gbà. Ìtumọ̀ "nísinsìnyí" ti wà fún "presently" láti ọ̀rúndún 14, gẹ́gẹ́ bí Ògbufọ̀ ti wí, ó sì ṣáájú "láìpẹ́" dé ilé ayé. Nígbà tó dín kù nínú ìwé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò parẹ́ ní Scotland, kò sì parẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Níbi tí mo wà yìí, bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá sọ pé ìjì kan wà ní etí òkun "presently", kò sí ẹni tí yóò rò pé ó ṣì ń bọ̀. Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹ ń sọ fi ojú òǹkọ̀wé apá kan ṣoṣo ní Ìlú Ọba wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pe èyí tó jẹ́ àgbà ní àlejò. Àwọn ará Nàìjíríà tó ń sọ pé "I am presently a student" kò hùwà burúkú sí èdè ẹnikẹ́ni.

Ní ti pé ó lè da iṣẹ́ rú, ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń yanjú rẹ̀. "She is presently in Lagos": nísinsìnyí ni. "She will presently arrive": láìpẹ́ ni. Bí ó bá wà nínú ìtàn ohun tó ti kọjá, "presently a man came out", ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Ibi tí ó ti lè rúni lójú kò pọ̀ tó bí a ti rò.

"Momentarily" gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ra fún. Ní Britain, "fún ìṣẹ́jú kan" ni ó jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, "láàárín ìṣẹ́jú kan" náà ni. Bí awakọ̀ òfurufú bá ń kéde níbí pé àwọn yóò balẹ̀ "momentarily", ó fẹ́ kí ẹ so bẹ́líìtì yín. Bí ará Ìlú Ọba àgbà bá wà nínú ọkọ̀ náà, ohun tó gbọ́ ni pé ọkọ̀ yóò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì tún gbéra.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un ní ṣókí. Ìbátan "presently" wà nínú èdè Faransé tí a ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀, òun ni "présentement", "nísinsìnyí" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì, ní ọjà, àti lẹ́nu àwọn olùkọ́. Àwọn ará Faransé fúnra wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́, wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ àtijọ́, "maintenant" ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ní Quebec ní Kánádà, ó ń rìn ní ìgboro láìsí àárẹ̀. Ohun tí ará Houston sọ nípa Scotland àti Amẹ́ríkà jọ èyí gan-an. Ìtumọ̀ tí olú-ìlú bá ti gbàgbé a máa pẹ́ lẹ́nu àwọn tó wà lókèèrè.

Ògbufọ̀ (Lọ́ńdọ̀n)

Olùkọ́ béèrè ohun tó lé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àyè rẹ̀, n kò sì tíì dáhùn ìyẹn.

"Presently" kò dá rìn. Ẹ wo "soon". Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066, "sōna" ni wọ́n ń pè é, "lójú ẹsẹ̀" ló sì túmọ̀ sí. Ẹ wo "anon", tó wá láti inú "on ān", ìyẹn "sínú ọ̀kan", tí wọ́n ń lò fún "tààrà, láìdúró". Ẹ fi "by and by" kún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ "lójú ẹsẹ̀" rí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di "láìpẹ́", ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí kì í ṣe èèṣì.

Shakespeare tún fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn wá, nínú apá kìíní eré rẹ̀ nípa Ọba Henry Kẹrin, tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1597. Ilé ọtí kan wà ní Eastcheap ní Lọ́ńdọ̀n, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Francis ló ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà níbẹ̀. Ọmọ ọba dá a dúró sí yàrá kan, ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, nígbà tí ọ̀rẹ́ ọmọ ọba, Poins, wà ní yàrá kejì tó ń pe "Francis!" láìdákẹ́. Gbogbo ìgbà tí ó bá pè é ni Francis ń dáhùn pé "Anon, anon, sir!" Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ni "mo ti dé, alàgbà, lójú ẹsẹ̀". Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe òpùrọ́, ó fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ju agbára rẹ̀ lọ ló dì í mú. Ẹ wá fojú inú wo ọmọdé tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ọtí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣí ìwé atúmọ̀ fún un. Ohun tí yóò máa rí ni pé bí àgbàlagbà bá ti sọ "anon", ìdúró ló máa ń tẹ̀lé e. Inú ìdúró yẹn ni ọmọ náà yóò ti kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ tó bá kọ́ ni yóò sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ènìyàn á gbé fóònù, á ní "mò ń bọ̀ báyìí", ẹni tó ń gbọ́ ọ á sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó má tíì wẹ̀. Nígbà tí "báyìí" kò bá dá ẹni tó ń dúró lójú mọ́, a ó sọ ọ́ di "báyìí báyìí". Bí ìyẹn náà bá ti rọ̀, a ó ní "nísinsìnyí gan-an" tàbí "kíá mọ́sá". Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nìyẹn. Bí "soon" àti "anon" ti ń rẹ̀, wọ́n ń kó tuntun wọlé: "presently" fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tuntun náà nígbà kan. Nígbà tí òun náà rẹ̀, "immediately" àti "at once" gba iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rí kan wà tó mú kí n gbà pé ìlérí ni ó ń ba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́, pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán. Nínú "as soon as", "soon" kò yí padà di òní olónìí. "As soon as he came in, they ate": bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń jẹun, kò sí àlàfo láàárín wọn. Kí ló dé tí ibẹ̀ fi yè? Nítorí pé ibẹ̀ kò sí ẹni tó ń ṣèlérí fún ẹnì kan. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni gbólóhùn náà kàn so pọ̀. Kò sí ìdúró tí ọmọdé yóò ti kọ́ ìtumọ̀ mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú kan, ẹ ṣí Máàkù orí kìíní nínú King James. Nínú Gíríìkì tí wọ́n lò, "eutheōs", ìyẹn lójúkan náà, wà ní ẹsẹ 18, 29, 30 àti 31. "Straightway" ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀, "forthwith" nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní sínágọ́gù, "anon" nígbà tí wọ́n sọ fún Jésù pé ìyá ìyàwó Símónì ń ṣàìsàn, "immediately" nígbà tí ibà fi obìnrin náà sílẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, "anon" nìkan ló rọ̀. Mo rò pé àwọn mẹ́ta yòókù le nítorí pé ìwé òfin, àṣẹ àti ìwàásù ni wọ́n sábà ń gbé. Òun ni ó wà lẹ́nu àwọn tó ń gbé ọtí.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Àlàyé yìí dá mi lójú. Ti lẹ́tà ṣì ni mo dúró lé, nítorí ẹni tó ń gba lẹ́tà kò ní ìtàn èdè lọ́wọ́, ohun tó wà nínú ìwé náà nìkan ló ní. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú ará Houston pé kí a má ṣe pe "nísinsìnyí" ní àṣìṣe. Kí a kàn sọ pé ibi tí ìtumọ̀ méjì bá ti lè ṣini lọ́nà, kí òǹkọ̀wé yan ọ̀rọ̀ mìíràn.

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìsinmi (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run yóò máa fún yín ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ síwèé fún àwọn ọmọ náà. Ó ku ibi mẹ́ta tí mo rí nígbà tí mo ń wá inú Bíbélì náà kiri. Ìkíní, Lúùkù orí 21, ẹsẹ 9: "but the end is not by and by". Ìkejì, Lúùkù orí 7, ẹsẹ 4, níbi tí àwọn àgbààgbà ti bẹ Jésù "instantly" nítorí ìránṣẹ́ balógun ọ̀rún. Ìkẹta, Fílípì orí 2, ẹsẹ 23, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun ní ìrètí láti rán Tímótì "presently". Pọ́ọ̀lù wà nínú ìdè, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì tíì parí. Ṣé lójú ẹsẹ̀ ni ti ibẹ̀ náà, àbí láìpẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gíríìkì (Ìlọrin)

Olùkọ́, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gba mẹ́ta yìí.

Ti Lúùkù 21 ló yẹ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù, nítorí ọ̀rọ̀ òpin ayé ni. Bí òǹkàwé òde òní bá gbà pé "by and by" ni "lọ́jọ́ iwájú", bí àwọn orin ìyìn Amẹ́ríkà ti ọ̀rúndún 19 ṣe máa ń lò ó fún ayọ̀ ọ̀run tó ń bọ̀, ẹsẹ náà yóò dà bí ẹni pé òpin kò ní dé láéláé. Idàkejì ohun tí Jésù ń sọ ni. Ohun tó ń wí ni pé ogun àti ìdàrúdàpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, pé òpin kò ní tẹ̀lé wọn lójúkan náà. Àtúnyẹ̀wò 1881 kọ "immediately" síbẹ̀.

"Instantly" inú Lúùkù 7 yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti ń sọ, nítorí ìdàkejì ọ̀nà ni ó gbà. Ní 1611, ó lè túmọ̀ sí "tìtara-tìtara, láìsinmi". Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, "spoudaiōs", ìtara ló ń sọ, kò dá lórí àkókò. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 26, ẹsẹ 7, nínú King James lo "instantly" bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀yà méjìlá ń sin Ọlọ́run "instantly" tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń ṣe nǹkan tọ̀sán-tòru kò lè máa ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi ìtara sílẹ̀, ó lọ di ọ̀rọ̀ ìyára, nígbà tí àwọn "presently" ń fi ìyára sílẹ̀.

Ní ti Fílípì, "exautēs" ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀. Òun náà gan-an ló wà lẹ́nu ọmọbìnrin Hẹrọ́díà nínú Máàkù 6, tí King James pè ní "by and by". Ó tún wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 10, ẹsẹ 33, níbi tí Kọ̀nílíù ti sọ fún Pétérù pé òun ránṣẹ́ sí i "immediately". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Nítorí náà, lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ ka ẹsẹ náà dópin, ẹ ó rí ohun tí Pọ́ọ̀lù so ó mọ́: "so soon as I shall see how it will go with me". Kò sọ pé òní ni Tímótì yóò gbéra. Ó ní bí òun bá ti mọ ibi tí ẹjọ́ òun yọrí sí, Tímótì kò ní dúró mọ́. Láìpẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó lò fún ara rẹ̀ ní ẹsẹ 24, níbi tí ó ti sọ pé òun ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Olúwa pé òun náà yóò wá "shortly", Gíríìkì sì lo ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀, "tacheōs". Kí àwọn ọmọ yín kọ "lójú ẹsẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ 23, kí wọ́n kọ "láìpẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ 24.